Òwú Ni Àbẹ́là
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba lórí àbùkù àbẹ́là àfọwọ́ṣe àti àtúnṣe rẹ̀

Wọ́n pè mí pé kí n wá sọ ìdí tí àbẹ́là tí a ń ṣe nílé fi ń bàjẹ́, àti ọ̀nà tí a lè gbà tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹlòmíràn. Lójú tèmi, ó tó ohun tí a ń torí rẹ̀ pe àwùjọ jọ.

Kí ẹ tó wọlé ni mo ti tan àbẹ́là mẹ́ta sórí tábìlì yìí. Inú ife gíláàsì ni mo da wọ́n sí. Ìda kan náà ni, inú ìkòkò kan ni mo ti yọ́ ọ, ife kan kò sì tóbi ju èkejì lọ. Òwú wọn nìkan ló yàtọ̀. Ti apá òsì, òwú rẹ̀ tín-ín-rín. Ti àárín mọ níwọ̀n. Ti apá ọ̀tún nípọn. Ẹ bá mi máa fojú ṣọ́ wọn bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọdún 29 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì. Kò pẹ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni ìjọ wa ń múra àìsùn, mo sì ní kí wọ́n má ṣe ra àbẹ́là, pé èmi yóò ṣe é. Mo ṣe 40. Wọ́n funfun, wọ́n ń dán, wọ́n tọ́ bí ọ̀pá. Òwú tí mo rà kò tó. Nígbà tí mo ṣe é dé ìdajì, mo wá òwú mìíràn nínú ilé, mo fi parí iṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, a pa iná, a tan àbẹ́là. Kò tíì lọ títí tí ìda yíyọ́ fi bo òwú àwọn kan mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù ń rú èéfín, iná wọn ga, ó ń gbọ̀n, ìda gbígbóná sì ń ro sọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Ọmọ kan bú sẹ́kún. Ẹkún ọmọ yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo dúró sí lónìí.

Odidi oṣù mẹ́rin ni mo fi bá ìda jà lẹ́yìn náà. Mo pààrọ̀ ìda, mo yí ẹni tí mo ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ padà, mo fi èyí kún un, mo yọ tọ̀hún kúrò. Àbùkù kò lọ. Ohun tó wà níwájú mi gan-an ni n kò rò: ìkòkò ìda kan ni àbẹ́là 40 ti jáde, síbẹ̀ oríṣi méjì ni àbùkù wọn. Oríṣi òwú méjì ni mo sì lò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo gbé wá rèé: nígbà tí àbẹ́là tí a fọwọ́ ara wa ṣe bá kọ̀ tí kò jó dáadáa, níbo ló yẹ ká ti kọ́kọ́ wá àbùkù rẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé inú òwú ni. A máa ń rò pé àbẹ́là jẹ́ ìda tí a ki òwú bọ̀ nínú. Èmi ní òwú tí à ń fi ìda bọ́ ni.

1. Kí là ń pè ní àbẹ́là?

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Èdè Potogí ni àbẹ́là ti wá. Vela ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, èdè yẹn náà ló sì wà lẹ́nu àwọn Àgùdà tó ti Bùràsílì padà wá tẹ̀dó sí Èkó. Kándù tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè é, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tó wù mí jù nínú ìdílé ìmọ́lẹ̀ ni fìtílà. Èdè Lárúbáwá ló ti wá, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú Lárúbáwá, òwú tí a lọ́ fún àtùpà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ àtùpà lórúkọ yìí kò fi epo pè é, wọn kò fi àwo amọ̀ pè é. Òwú ni wọ́n rí. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa náà tí wọ́n ń rọ àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún, ojú tí òwú ń jókòó sí ni wọ́n kà, wọn kò ka ìwọ̀n epo tó ń gbà.

Ní báyìí, kí ló ń jó lára àbẹ́là? Bí mo bá bi ọmọ kíláàsì kejì, yóò ní òwú ni. Ìyá rẹ̀ yóò ní ìda ni. Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ìlú Ọba, fi àbẹ́là nìkan ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà fún àwọn ọ̀dọ́ ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1848, ó sì tún un ṣe nígbà Kérésìmesì 1860 wọ 1861. Ohun kan wà tó ṣe lójú wọn tí n óò ṣe lójú yín báyìí. Mo fẹ́ àbẹ́là àárín yìí pa. Ẹ wo èéfín funfun tó ń gòkè bí okùn. Mo ṣá ìṣáná, mo gbé e sínú èéfín náà, ó ṣì jìnnà sí òwú. Ẹ rí i! Iná gba inú èéfín sáré sọ̀kalẹ̀, ó padà jókòó sórí òwú.

Ìda ni èéfín yẹn. Ìda tó ti di oru ni. Ìda líle kì í jó. Ẹ gbé ìṣáná sí ẹ̀gbẹ́ àbẹ́là, yíyọ́ ni yóò máa yọ́. Ìda yíyọ́ kì í tètè jó. Oru rẹ̀ ló ń jó. Ibi tí ìda ti ń di oru, orí òwú ni. Bí ó ṣe ń lọ nìyí: iná ń yọ́ ìda tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, òwú ń fa ìda yíyọ́ náà sókè, ooru sọ ọ́ di oru lórí òwú, oru náà jó, ó sì bí ooru tí yóò yọ́ ìda mìíràn. Àyíká kan ni. Bí ìwọ̀n tí òwú ń fà bá bá ìwọ̀n tí iná lè jẹ mu, àbẹ́là yóò jó jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi tán. Bí kò bá bá a mu, ìyọnu dé.

Nítorí náà mo fún òwú ní ìtumọ̀ yìí, n óò sì máa lò ó títí a ó fi parí: òwú ni ọ̀nà ọ̀fun iná. Ìda ni oúnjẹ. Kò sí ìyá tó ń ṣu òkèlè àgbàlagbà fún ọmọ ọwọ́.

2. Òwú: ọ̀fun tóóró, ọ̀fun gbòòrò

Báwo ni òwú ṣe ń fa ìda sókè? Ẹ ti etí kan aṣọ ìnura bọ inú báàfù omi, kí ẹ fi etí kejì kọ́ síta. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti gun aṣọ náà, ó ti ro sílẹ̀. Àlàfo tíntìntín tó wà láàárín fọ́nrán òwú ló ń fà á. Bí òwú bá tín-ín-rín, àlàfo náà kò pọ̀, oúnjẹ tó ń dé òkè kò tó. Bí ó bá nípọn, oúnjẹ pọ̀ ju ohun tí afẹ́fẹ́ àyíká iná lè bá a jó lọ.

Ẹ wo ife apá òsì. Iná rẹ̀ kéré, ìda tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an nìkan ló ń yọ́, etí ife sì ṣì funfun. Kòtò ló ń gbẹ́. Bí a bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò máa rì lọ sínú kànga tó gbẹ́ fúnra rẹ̀, ìda yíyọ́ yóò kún kànga náà, iná yóò sì rì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ níbí ni pé ìda le jù. Rárá o. Ọ̀fun ló tóóró. Bí irú rẹ̀ bá ti wà nílé yín, ẹ fi fọ́ìlì bo ẹnu ife náà yíká, kí ẹ ṣí ojú kékeré sílẹ̀ láàárín fún iná láti mí. Ooru yóò yí padà sí etí ife, ìda etí yóò yọ́, ojú rẹ̀ yóò sì tẹ́jú. Àtúnṣe ọjọ́ kan nìyẹn o. Èyí tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí òwú rẹ̀ nípọn sí i.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òwú lè dára, kó jẹ́ pé ẹni tó tàn án ló kánjú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a tan àbẹ́là inú ife, kí a má ṣe pa á títí ìda yíyọ́ yóò fi kan etí. Ẹ ṣírò bíi wákàtí kan fún ìbú sẹ̀ǹtímítà 2.5 kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pa á kó tó débẹ̀, òrùka tó fi sílẹ̀ ni yóò tún máa tẹ̀lé nígbà tí a bá tún tàn án.

Ẹ wá wo apá ọ̀tún. Iná rẹ̀ ga, orí rẹ̀ ń gbọ̀n, èéfín dúdú sì ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí òwú rẹ̀, ohun dúdú kan ti rú bí olú. Oúnjẹ tí iná kò lè jẹ tán ni, tó di èédú, tó ṣù síbẹ̀. Irú iná báyìí lè mú kí ife gíláàsì sán. Bí ó bá jẹ́ àbẹ́là ọ̀pá ni, ìda yóò yọ́ ju ohun tí iná lè lò lọ, yóò sì máa ṣàn gba ẹ̀gbẹ́. Ohun tó sun ọmọ yẹn lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ gé òwú kó ku mìlímítà 6 kí ẹ tó tàn án nígbàkígbà. Bí ó bá ṣì ń rú èéfín lẹ́yìn èyí, tí afẹ́fẹ́ fèrèsé tàbí fáànù kò sì fẹ́ lù ú, ẹ dín òwú kù.

Ọ̀rọ̀ kò parí sórí ìnípọn. Bí a ṣe ṣe òwú náà tún wà níbẹ̀. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, òwú lílọ́ lásán ni wọ́n ń lò. Òwú lílọ́ máa ń nàró ṣánṣán láàárín iná, àárín iná sì ni afẹ́fẹ́ kò dé. Kò lè jó tán níbẹ̀, ńṣe ni yóò máa gùn, tí yóò máa rú èéfín. Àwọn ènìyàn a jókòó ti àbẹ́là tàwọn ti àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, wọn a máa gé òwú láti ìrọ̀lẹ́ títí di àkókò oorun. Ní 1825 ni ará Faransé kan tó ń jẹ́ Cambacérès di òwú bí ẹni dirun. Òwú dídì máa ń tẹ̀ bó ṣe ń jó; orí rẹ̀ á yọ síta létí iná, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, á sì jó di eérú fúnra rẹ̀. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú àwọn ọgbọ́n ọwọ́ tó dára jù tí ẹ̀dá fi sínú ohun kékeré. Àwa tí a mọ irun dì láti kékeré, kí ló dé tí a fi ń lọ́ òwú ìránṣọ pọ̀, tí a ń pè é ní òwú àbẹ́là?

Òwú ìránṣọ yẹn ni ìṣòro kejì tí mo bá pàdé. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe òwú rárá, ọ̀rá ni. Ẹ sun etí rẹ̀ kí ẹ wò ó. Òwú gidi á jó bíi bébà, á rùn bíi bébà tó jó, á sì di eérú rírọ̀. Èyí tí a fi ọ̀rá ṣe á yọ́, á kó ara rẹ̀ jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó le, á sì rùn bíi ike tó jóná. Òwú tó ń yọ́ kò lè fa ohunkóhun. Mo fi irú rẹ̀ ṣe ogún àbẹ́là àìsùn ọjọ́ náà, àwọn náà ló kọ́kọ́ kú.

Bí ẹ bá ti rí òwú gidi, tí ẹ dì í ní ẹ̀ka mẹ́ta, ẹ po ṣíbí ìjẹun kan iyọ̀ àti méjì borax sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, kí ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀ mọ́jú. Ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, kó gbẹ kanrangandan. Iyọ̀ àti borax kì í jẹ́ kí òwú máa jó bí ẹyin iná lẹ́yìn tí a bá pa àbẹ́là, wọ́n sì ń jẹ́ kí eérú rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn náà ẹ rì í sínú ìda yíyọ́ títí kò fi ní mú hóró afẹ́fẹ́ jáde mọ́, ẹ fà á gùn, ẹ jẹ́ kó dì. Ẹni tó bá fò ó, tó ki òwú gbígbẹ bọ inú ìda, yóò rí i pé àbẹ́là òun kò fẹ́ràn àti gbaná nígbà àkọ́kọ́.

Báwo wá ni a ṣe máa mọ ìwọ̀n òwú? Kò sí tábìlì tó lè sọ ọ́ fún yín tán, nítorí ìda yín àti ife yín kì í ṣe tèmi. Ẹ dán an wò. Ẹ di òwú mẹ́ta: èkíní kí ẹ̀ka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní okùn 3, èkejì okùn 4, ẹ̀kẹta okùn 5. Ìyẹn jẹ́ 9, 12 àti 15. Ẹ da ìda kan náà sí ife mẹ́ta tó dọ́gba. Ẹ tàn wọ́n fún wákàtí mẹ́ta, kí ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀: gíga iná, ibi tí yíyọ́ dé, èéfín. Èyí tí iná rẹ̀ ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5, tí yíyọ́ rẹ̀ kan etí, tí kò rú èéfín, òun ni. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá pààrọ̀ òwú àti ìda lọ́jọ́ kan náà, tí àbẹ́là sì dára, ẹ kò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

3. Ìda: oúnjẹ iná

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ báyìí pé, “Ṣé bàbá yìí fẹ́ sọ pé ìda kò já mọ́ nǹkan ni?” N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun tó dára kò lè sọ oúnjẹ tó ti kan di ohun àjẹsanra.

Epo tiwa wà nínú ìtàn yìí. Ẹ wo ìgò epo pupa tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà ọyẹ́: òkè rẹ̀ ń ṣàn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dì. Apá tó dì yẹn ni àbẹ́là ń wá. Chevreul, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Faransé, ló tú àṣírí pé ọ̀rá kì í ṣe ohun kan ṣoṣo, pé a lè ya apá tó le sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń ṣàn. Ní 1825 òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Gay-Lussac gba ìwé àṣẹ láti fi apá líle náà ṣe àbẹ́là. Ilé iṣẹ́ Price's ní Lọ́ńdọ̀nù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1830, wá sọ epo pupa láti etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà di ohun èlò pàtàkì fún àbẹ́là rẹ̀. Epo tí àwọn ìyá wa tẹ̀ nínú ẹkù ń tan ìmọ́lẹ̀ sí yàrá àwọn tí kò mọ bí igi ọ̀pẹ ṣe rí. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n fi polówó àbẹ́là tí ilé iṣẹ́ náà gbé jáde nígbà ìgbéyàwó Ọbabìnrin Victoria ní 1840: wọ́n ní àbẹ́là tí ẹnikẹ́ni kò ní máa gé òwú rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ òwú náà kọ́ nìyẹn bí?

Ìda tí wọ́n ń pè ní parafíìnì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wa ń rà lónìí, nínú àpò tàbí ní ègé pẹlẹbẹ, ní ọjà kẹ́míkà bíi ti Ọjọ́ta. Oríṣiríṣi ló wà. Òmíràn ń yọ́ ní dígírì 46 ní òṣùwọ̀n Celsius, òmíràn kò yọ́ títí dé 68. Nínú ooru tiwa yìí, ẹni tó bá ń ṣe àbẹ́là ọ̀pá kó wá èyí tó ń yọ́ ní 58 sí 60. Èyí tó rọ̀ jù ni àbẹ́là yín fi ń tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú páálí ní oṣù kẹta ọdún. Àbùkù ìda pọ́ńbélé nìyẹn, mo gbà. Ìda tí wọn kò yọ epo inú rẹ̀ tán náà máa ń làágùn, ó sì máa ń rú èéfín. Ẹ fi bébà funfun di í mọ́jú kí ẹ tó ra púpọ̀, bí ojú epo bá hàn lára bébà, ẹ dá a padà. Bí ẹ bá fẹ́ kí àbẹ́là le, kó funfun, kó sì tètè bọ́ lára móòlù, ẹ fi gíráàmù 100 stearic acid, irú apá líle ọ̀rá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, sí kílò kan ìda.

Ìyá kan bi mí nígbà kan bóyá a lè fi àdín nìkan ṣe é. Àdín ń yọ́ kó tó pé dígírì 30. Oòrùn ọ̀sán wa nìkan tó láti sọ ọ́ di omi. Òrí kò sì fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sí ibi tí mo ń lọ. Nígbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ ìda, ẹ ti pààrọ̀ oúnjẹ, ọ̀fun àná kò sì ní bá a mu mọ́. Ìda oyin ń yọ́ ní dígírì 62 sí 64, ó sì ki nígbà tó bá yọ́. Òwú tó ń jó dáadáa nínú parafíìnì yóò rì nínú rẹ̀. Ẹni tó kúrò lórí parafíìnì bọ́ sórí ìda oyin, tó wá ní ìda oyin kò dára, ó purọ́ mọ́ oyin.

4. Àwọn àbùkù tó ń hàn kí a tó ṣá ìṣáná

Àwọn wọ̀nyí kò ti ọwọ́ òwú wá. Ooru tó ń kúrò lára ìda ló ń fà wọ́n. Parafíìnì máa ń sún kì nígbà tó bá ń dì, ó lè pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ààyè tó gbà nígbà tó yọ́. Ìta ló kọ́kọ́ ń dì, á di ògiri. Inú á wá máa sún kì lẹ́yìn ògiri náà, á fa ojú òkè wọlé. Kòtò tó ń hàn yí òwú ká nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ da ìda kéré. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ẹ fi abẹ́rẹ́ gígùn gún ihò mélòó kan sí tòsí òwú, kí ẹ da ìda tó gbóná díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ sínú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ga ju ojú àtijọ́ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò yọ́ wọ àárín móòlù àti àbẹ́là. Móòlù ni mo ń pè é, bí àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù ṣe ń pè é.

Ìlà funfun tó ń yí àbẹ́là ká bí òrùka jẹ́ àmì pé ìda tutù jù nígbà tí ẹ dà á, tàbí móòlù irin ló tutù. Ẹ dà á ní nǹkan bíi dígírì 85, kí ẹ sì mú móòlù lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó dà á. Hóró afẹ́fẹ́ náà, ẹ dà á jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ lu ẹ̀gbẹ́ móòlù díẹ̀díẹ̀. Àbẹ́là tó là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, inú fíríìjì ni wọ́n ti sáré gbé e sí. Ẹ jẹ́ kó tutù nínú ilé, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ jù. Ìgbà tó bá ti dì tán pátápátá, tó wá kọ̀ tí kò bọ́, ẹ lè gbé e sí fíríìjì fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ọ́ láéláé. Ojú ibi tí ọ̀bẹ bá ti ha móòlù ni gbogbo àbẹ́là ọ̀la yóò máa lẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni èwo nínú wọn ló ń ba iná jẹ́. Ìlà funfun kò ba iná jẹ́, ojú ọjà nìkan ló ń bà jẹ́. Ìlà tó là lára ìta, bákan náà. Ṣùgbọ́n àlàfo tó fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òwú, tí a kò gún, tí a kò kún, iná á dé ibẹ̀, ìda yíyọ́ á ṣàn wọlé lójijì, òwú á pàdánù oúnjẹ, iná á kú. Àbùkù ìtutù kò di àbùkù iná àfi ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ òwú. Ibẹ̀ náà ni a tún padà sí.

5. Ohun tí a fi kún un: àwọ̀, òórùn, omi

Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn àbẹ́là aláwọ̀ àti olóòórùn dídùn, inú mi sì dùn sí i, torí pé owó wà níbẹ̀. Àwọ̀ tí à ń fi sí kéèkì, inú omi ló ń tú, kò ní bá ìda dọ́rẹ̀ẹ́. Á dì sísàlẹ̀ ìkòkò. Kíréyọ̀ọ̀nù tí àwọn ọmọ fi ń kùn máa ń bá ìda yọ́, ojú rẹ̀ sì máa ń dára, ṣùgbọ́n eruku àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò tú, á wọ àlàfo òwú, á dí i bí ẹrẹ̀ ṣe ń dí kọ́tà. Àbẹ́là tó rẹwà jù lórí àtẹ ni yóò kọ́kọ́ kú. Ẹ béèrè àwọ̀ tó ń tú nínú epo.

Lọ́fínńdà ìfísára kì í ṣe ohun tí à ń dà sínú ìda. Ọtí ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kò ní pò mọ́ ọn, ó sì lè gbaná lórí ìkòkò gbígbóná. Epo olóòórùn tí wọ́n ṣe fún àbẹ́là ni kí ẹ rà, kí ó má ju gíráàmù 60 sí 100 lọ nínú kílò kan, gẹ́gẹ́ bí ìda yín bá ṣe lè gbà á. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ìda á pọ̀ ọ́ jáde, á máa làágùn, òwú á sì mu ún yó. Ní ti omi, bí iná àbẹ́là bá ń ta pàrà-pàrà, omi ló wọ òwú tàbí ìda. Ẹ lọ wo ibi tí ẹ sá òwú sí.

6. Iná tó wà nídìí ìkòkò

Níbí n kò ní fi ọ̀rọ̀ ṣeré rárá. Ìda kì í hó bí omi kó tó di ewu. Bí ó bá gbóná kọjá ààlà, oru rẹ̀ lè gbaná lójijì. Ẹ má gbé ìda ka iná ní tààrà. Ẹ fi omi sínú ìkòkò ńlá, ẹ gbé ìkòkò ìda sínú omi náà. Omi kì í gbóná ju dígírì 100 lọ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ máa wò ó kó má gbẹ. Ẹ ra témómítà. Bí ìda bá gbaná, ẹ pa iná ìdáná, ẹ fi ìdérí dé ìkòkò. Ẹ má da omi sí i o! Omi á rì sábẹ́ ìda gbígbóná, á di oru lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, oru náà á sì gba ààyè tó tó ìlọ́po 1,700 ti omi tó ti wá, á ju ìda oníná sókè bí ìbọn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí, ẹ má sì fi ìdáná sílẹ̀ lọ dáhùn fóònù.

Ẹ jẹ́ ká wo orí tábìlì báyìí. Ó ti lé ní wákàtí méjì tí mo ti tàn wọ́n. Iná apá òsì kò tóbi ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ìda funfun dúró yí i ká bí ògiri. Ti apá ọ̀tún ti fi dúdú èéfín kun ẹnu ife rẹ̀, olú orí òwú rẹ̀ ti di méjì. Ti àárín, èyí tí mo pa tí mo tún tàn lójú yín, yíyọ́ rẹ̀ ti kan etí ife yíká, orí òwú rẹ̀ sì ti tẹ̀ síta díẹ̀, ó ń jó ara rẹ̀ di eérú. Mo di òwú okùn 9, 12 àti 15 sínú àpò kékeré tó wà nídìí tábìlì, pẹ̀lú bébà tí ẹ lè kọ ohun tí ẹ bá rí sí. Ẹ tò wá mú un bí ẹ bá ń jáde. Alága, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n bá wa pa iná gbọ̀ngàn, kí àwọn tó jókòó lẹ́yìn lè rí wọn.